Lẹ́tà Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ Lára Ìgò Oògùn

Ẹ jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín mi tán ná, ẹ̀yin ọmọ mi. Ṣé ẹ rí bánà tí wọ́n so mọ́ òpó iná ìsàlẹ̀ yẹn? Òkú ni wọ́n fẹ́ sin. Fọ́tò olóògbé ló wà lórí rẹ̀ yẹn, àgbà ọkùnrin tí irùngbọ̀n rẹ̀ funfun bí òwú, tí ojú rẹ̀ le koko bí ojú ẹni tí kò gba gbẹ̀rẹ́. Ẹ wá wo lẹ́tà tí wọ́n fi kọ "Ó dàárọ̀ o, Bàbá" sábẹ́ rẹ̀. Ó rí roboto, ó wú bí ẹ̀wà tó sùn nínú omi, ọ̀kan fò sókè, èkejì fò sílẹ̀, bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lá súìtì. Bí òkú bá lè ka ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀, ọkùnrin yẹn ìbá ti dìde nínú pósí kó fa bánà náà ya. Okùn ò yẹ ọrùn adìẹ, ṣùgbọ́n ta ló kù láyé yìí tó mọ ohun tó yẹ ọrùn ta?

Ẹ ò mọ̀ pé uṣẹ́ ọ̀dà ni mo fi tọ́ àwọn òbí yín. Ìdó níhìn-ín ni àtíbàbà mi wà, lójú ọ̀nà tó lọ sí Òsì. Pátákó ni mo ń kọ, mo ń kọ ara mọ́tò, mo ń kọ ògiri ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ẹ bá ń bọ̀ lókèèrè, etí yín ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ pé ẹ ti ń dé ọ̀dọ̀ mi. Ẹ ó gbọ́ ìwé oníyanrìn tí ń ha pákó, ṣààrà, ṣààrà. Ẹ ó gbọ́ okùn tí mo fi ẹfun pa, tí mo nà lé pákó, tí mo fa sókè tí mo sì jù sílẹ̀, pá! Ìlà funfun tó gún bí ìwà olóòótọ́ ti jókòó sójú pákó nìyẹn. Òórùn kẹrosíìnì tí mo fi ń fọ búrọ́ọ̀ṣì kì í kúrò lára aṣọ mi. Ìyá yín àgbà máa ń sọ pé bí wọ́n bá di òun lójú, òun á mọ ibi tí mo wà nínú ulé.

Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún wa ní ìpínlẹ̀ tiwa, ẹ̀yin ọmọ, a kò sinmi! Gbogbo pátákó ilé-ìwé, ti kóòtù, ti ọ́fíìsì, Òndó ló wà lára wọn. A ní láti pa Òndó rẹ́, ká kọ Èkìtì rọ́pò. Láti Ìdó dé Ọ̀yẹ́, láti Ọ̀yẹ́ dé Ìkọ̀lé, èmi àti àkàbà mi la jọ ń rìn. Bí ọdún Ògún bá sì ń bọ̀, àwọn awakọ̀ á tò mọ́tò wọn sí ẹnu àtíbàbà mi, kálukú ló fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn mọ́tò òun tuntun kí wọ́n tó pa ajá. Àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì ní tiwọn á gbé aṣọ funfun wá fún ìkórè. Mo ti kọ aṣọ ìkórè kan rí, mo sá a sórí koríko kó gbẹ, ewúrẹ́ kan gba orí rẹ̀ kọjá, ó sì fi pátákò tẹ àmì sí àárín "Olúwa" àti "ṣeun". Bí wọ́n ṣe so ó nìyẹn. Àlùfáà ní ewúrẹ́ pàápàá wá dúpẹ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ lẹ́tà ni mò ń sọ. Lẹ́tà ní ìwà, bí ènìyàn ṣe ní ìwà. Ẹni tí kò mọ ìwé kà máa ń gbọ́ ohun tí lẹ́tà ń sọ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n kà tó là á lẹ́nu. Lẹ́tà ẹlẹ́sẹ̀, èyí tó dúró ṣinṣin tó na ọrùn, ti ṣọ́ọ̀ṣì àti ti lọ́yà ni. Lẹ́tà onígun mẹ́rin, èyí tó dijú mọ́rí, ti ọlọ́pàá ni. Èyí tí mò ń bá jà yìí, a máa ń pè é ní lẹ́tà ẹlẹ́rẹ̀kẹ́, nítorí pé ó kún lẹ́rẹ̀kẹ́ bí ọmọ tó ń mu ọmú. Kò ní igun kankan. Ó rọ̀ bí àkàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú epo. Ihò inú rẹ̀ kò ju ojú ẹyẹ lọ. Ẹ má rò pé mo kórìíra rẹ̀. Èmi ni mo mọ̀ ọ́n kọ jù ní gbogbo agbègbè yìí! Bí a bá fẹ́ kọ ọ́, a kì í dá ọwọ́ dúró. Bí búrọ́ọ̀ṣì bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ó gbọ́dọ̀ yí dé ilé. Bí o bá mí láàárín, yóò hàn.

Ó sì ní ibi tó ti wúlò. Kọ ọ́ sára pátákó búrẹ́dì, ebi á pa ẹni tó yó. Kọ ọ́ sára kẹ̀kẹ́ oní-áìsìkiriìmù, sára páálí gúgúrú, sára báàgì pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù. Fi ọ̀dà pupa kùn ún, fi funfun tín-ínrín tàn án létí bí ẹni pé òòrùn ń kọ sí i. Ọ̀rọ̀ kan péré tó o, méjì bí ó bá pọ̀ jù. Kò sí ẹni tí ń fi ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ kọ gbólóhùn gígùn, àfi ẹni tó fẹ́ kí ojú máa ro ènìyàn. Ohun tó dùn, ohun tó rọ̀, ohun ọmọdé àti ohun ẹ̀rín, ibẹ̀ ló mọ. A kì í fi kọ òfin, a kì í fi kọ ìbànújẹ́, a kì í fi kọ oògùn.

Àṣé ojú wa ló máa rí i. Ìjọba alágbádá kò tíì pẹ́ tó dé nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Tádé ti Adó dé pẹ̀lú kọ̀ǹpútà kan àti jẹnẹrétọ̀ kan tí ń ké bí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ń dì. Ó gba ṣọ́ọ̀bù sí òdìkejì títì, ó ń kojú mi. Ọmọ náà mọ́ra, ó mọ ọ̀rọ̀ sọ, ṣùgbọ́n kò mọ lẹ́tà. Inú ẹ̀rọ rẹ̀ ni lẹ́tà wà, oríṣiríṣi, bí ìgbá inú oko. Nínú gbogbo rẹ̀, ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ nìkan ni ojú rẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń kọ pátákó fún lọ́yà kan. Mo dúró, mo wò ó.

"Tádé, ṣé lọ́yà yìí ń ta bisikíìtì ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Bọ̀dá, ayé ti lajú o. Lẹ́tà tó ń fani mọ́ra nìyí. Àwọn ènìyàn fẹ́ ohun tó dùn ún wò."

"Ẹni tó ní ẹjọ́ ikú lọ́rùn, ṣé ohun tó dùn ún wò ló ń wá?"

"Ẹ̀yin àgbà kì í fẹ́ nǹkan tuntun," ó ní, ó sì tẹ bọ́tìnnì kan. Lẹ́tà lọ́yà wá wú sí i.

Kí ni mo fẹ́ sọ? Ìlú tẹ̀lé e bí àgùntàn. Oníyẹ̀yẹ́ ni gbogbo wa. Ẹni tí ń ṣe pósí lọ kọ ẹlẹ́rẹ̀kẹ́. Wòlíì tí ń lé ẹ̀mí àìmọ́ jáde lọ kọ ẹlẹ́rẹ̀kẹ́, tí ẹ̀mí àìmọ́ pàápàá á fi máa rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin ọlọ́rọ̀ kan tó ní ajá búburú kọ "Ẹ ṣọ́ra, ajá ń bẹ" sẹ́nu géètì rẹ̀ ní ẹlẹ́rẹ̀kẹ́, àwọ̀ òféèfèé. Ẹni tó wá ka mítà iná rí i, ó rẹ́rìn-ín, ó wọlé. Nígbà tí wọ́n ń fọ ojú egbò itan rẹ̀, ó ní òun ka pátákó náà, òun rò pé ajá kékeré tí àwọn ọmọ ń bá ṣeré ni. A rẹ́rìn-ín ìyẹn títí. A kò mọ̀ pé ẹ̀rín ṣì máa di ẹkún.

Obìnrin kan wà ní Òsì tí a ń pè ní Màmá Rónkẹ́. Oògùn apakoríko ló ń tà fún àwọn àgbẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì ńlá ló ń rà wá, ó sì ń bù ú sínú ìgò kéékèèké fún àwọn tí agbára wọn kò ká kẹ́ẹ̀gì, pàápàá àwọn àgbẹ̀ tó ń ti Àsin wá. Èmi ni mo kọ pákó tó wà lókè pẹpẹ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, lẹ́tà dúdú onígun tó mú bí abẹ: OÒGÙN NI. Ó Ń PANI. Mo ya agbárí òkú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọdé kì í fẹ́ gba iwájú rẹ̀ kọjá.

Tádé lọ bá a. Ó bá a tẹ ìwé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara ìgò. Ó ní kó fún ọjà rẹ̀ lórúkọ, wọ́n sì sọ ọ́ ní PAÁ-KÍÁ. Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ ni o! Ewé tútù àti ọsàn ni àwọ̀ rẹ̀, ó ń dán bí ẹni pé omi ń kán lára rẹ̀. Lásìkò yẹn, ohun mímu ọmọdé kan wà tí wọ́n ń tà káàkiri nínú ìgò bẹ́ẹ̀ gan-an, lẹ́tà bẹ́ẹ̀ gan-an. Nígbà tí mo rí ìgò oògùn náà tí wọ́n tò sórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù, mo yà síbẹ̀.

"Màmá Rónkẹ́, ẹ kú uṣẹ́ o. Kí lẹ í tà níhìn-ín?"

"Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, Bọ̀dá. Oògùn koríko ni."

"Kí ló dé tó fi rí bí omi ọsàn?"

Ó mú ìgò kan, ó yí i sí oòrùn. "Àwọn oníbàárà fẹ́ràn rẹ̀. Ó dùn ún wò."

"Ikú kọ́ ni ó yẹ kó dùn ún wò. Ẹ já ìwé yẹn kúrò."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Owú ní í jẹ yín, Bọ̀dá. Ọmọ kékeré gba uṣẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ wá í bá ìgò jà."

Àwọn tó jókòó síbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mo kó ẹsẹ̀ mi, mo lọ. Ẹni tí a kìlọ̀ fún tó ní owú ni, kí ni a tún fẹ́ sọ fún un?

Ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀, iwájú ṣọ́ọ̀ṣì Òsì ni mo wà, mò ń kọ aṣọ ìkórè, òòrùn ọ̀sán sì wà lórí. Ṣọ́ọ̀bù Màmá Rónkẹ́ kò jìnnà. Tádé ti gun ọ̀kadà rẹ̀ dé, ó gbé ìwé tuntun wá fún un. Màmá Rónkẹ́ ní ọmọ-ọmọ kan lọ́dọ̀, Mojí, ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ sọ dáadáa, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Òǹgbẹ gbẹ ọmọ. Ìgò wà lórí àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀, ibi tí ọwọ́ rẹ̀ tó. Ta ló fẹ́ sọ fún un pé omi dídùn kọ́ ni? Lẹ́tà ti sọ fún un pé omi dídùn ni.

Igbe Màmá Rónkẹ́ ni mo gbọ́. Kì í ṣe igbe ẹni tó ń pe ènìyàn. Igbe ẹni tó ń pe Ọlọ́run ni. Mo ju búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, mo sáré. Mojí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọrùn, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀.

"Ó í ta mí! Màmá, ó í ta mí!"

Ìgò náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti dà sílẹ̀. Ìyá àgbà ń ké pé kí wọ́n bá òun wá epo pupa, kí wọ́n dà á sí i lẹ́nu. Tádé ló kígbe mọ́ wọn. "Ẹ má fún un ní nǹkan kan! Ẹ gbé e, ẹ jẹ́ ká máa lọ!" Mo ní láti sọ òótọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òótọ́ yẹn ń korò lẹ́nu mi: òun ni orí rẹ̀ pé jù nínú gbogbo wa lọ́jọ́ náà.

Ó gun ọ̀kadà, mo gun ẹ̀yìn, mo há ọmọ sáàárín àwa méjèèjì. Mo mú ìgò náà dání kí dókítà lè rí i. Ọ̀dà ìkórè ṣì wà lọ́wọ́ mi, ó ń ràn mọ́ aṣọ ọmọ. Ọ̀nà Òsì sí Ìdó kò jìn, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, mo rò pé ẹnì kan ti fà á gùn. Ọmọ náà ń sunkún lákọ̀ọ́kọ́. Nígbà tó yá, kò sunkún mọ́, ó kàn ń mí bí afẹ́fẹ́ tó ń gba inú ihò kọ́kọ́rọ́ kọjá. Tádé ń bi mí láìyíjú padà: "Ṣé ó ń mí? Bọ̀dá, ṣé ó ń mí?" Mò ń sọ pé, "Sáré!"

Ní ilé ìwòsàn ńlá Ìdó, wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ mi kí n tó sọ̀rọ̀ tán. Dókítà kan, obìnrin tí kò pariwo, na ọwọ́ sí ìgò.

"Kí ló wà nínú rẹ̀?"

"Oògùn koríko ni, mà."

"Èwo nínú wọn?" Ó yí ìgò náà, ó tún yí i. Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ nìkan ló ń wò ó padà, PAÁ-KÍÁ, ó ń rẹ́rìn-ín. Kò sí orúkọ oògùn, kò sí ìkìlọ̀, kò sí ohun kan. "Ta ló ṣe ìwé yìí?"

Mo wo Tádé. Ó wo ilẹ̀. "Èmi ni, mà," ó ní. Lẹ́yìn náà ló yí padà, tó sáré bọ́ sórí ọ̀kadà rẹ̀. Mo rò pé ó sá lọ ni, mo sì bú u nínú mi. Àṣé Òsì ló padà lọ, ó lọ gbé kẹ́ẹ̀gì ńlá tí orúkọ oògùn gan-an wà lára rẹ̀. Òun àti Màmá Rónkẹ́ ni wọ́n jọ gbé e dé, gèlè kò sí lórí ìyá náà, bàtà kò sí lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Ọlọ́run ṣe é, oògùn náà korò, ọmọ ti tu èyí tó pọ̀ jù nù. Ṣùgbọ́n èyí tó gbé mì jó o lọ́fun. Wọ́n dá a dúró pẹ́ níbẹ̀. Ní ojoojúmọ́ ni Tádé ń wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìta, èmi náà sì ń wá. Àwa tí a kì í kí ara wa tẹ́lẹ̀ wá di ará bẹ́ǹṣì kan náà. Lọ́jọ́ kan, ó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

"Bọ̀dá, lẹ́tà ni mo kọ. Mi ò po májèlé fún ọmọ ọlọ́mọ."

Mo wò ó. Mo ní, "Ìwọ lo fi aṣọ ọmọdé wọ ikú, o ní kó jáde lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré."

Ó bú sẹ́kún. Mi ò rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ lè sọ pé mo le. Ẹ ò gbọ́ bí ọmọ yẹn ṣe ń mí láàárín wa lórí ọ̀kadà.

Mojí yè. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò padà bí ti tẹ́lẹ̀. Ó há, bí ohùn ìyá arúgbó tó ti pẹ́ nídìí tábà. Ọmọ tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ wá di ọmọ tí ń fi orí dáhùn. Màmá Rónkẹ́ palẹ̀ ọjà oògùn mọ́, ó ń ta àgbàdo. Kò bẹ̀ mí, n kò sì ní kó bẹ̀ mí. Bí mo bá ń kọjá, ó máa ń dìde dúró. Tádé di ẹrù rẹ̀, ó padà sí Adó. Ṣé ẹ rò pé ìlú kọ́gbọ́n? Ẹlòmíràn dé, ẹ̀rọ tirẹ̀ tóbi jù, ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ tirẹ̀ sì sanra ju ti Tádé lọ. Wọ́n ń tò sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ilẹ̀ tí a gbin ọgbọ́n sí, koríko ló ń hù jù.

Nígbà tí Mojí tó lọ sí ilé-ìwé, Àǹtí Bísí, olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, ṣí jẹ́léósinmi sí ìdí igi ọ̀dán ní Òsì. Ó ránṣẹ́ pè mí kí n wá kọ orúkọ ilé-ìwé náà sára ògiri. Kò fẹ́ fulẹ́ẹ̀sì tí ẹ̀rọ ń tẹ̀, ọwọ́ ènìyàn ló fẹ́. Mo wo ògiri náà, inú mi dùn. Níbo ni ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ tún lè wà tó yẹ ẹ́ ju ibẹ̀ lọ? Mo fi gbogbo ohun tí mo mọ̀ kọ ọ́. Pupa, àwọ̀ ewé, àwọ̀ ọsàn, funfun létí. Ọwọ́ mi kò gbọ̀n, mi ò mí láàárín. Kò sí iṣẹ́ kan tí mo ṣe rí tó dára tó o. Àwọn ọmọ tí ń kọjá ń fi ìka tọ ọ́ lójú afẹ́fẹ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n wọlé, àwọn òbí ń mú ọmọ wá, mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, mò ń gba oríyìn. Màmá Rónkẹ́ mú Mojí dé, aṣọ tuntun lọ́rùn rẹ̀, báàgì lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ náà rìn dé iwájú ògiri, ó gbójú sókè, ó sì dúró gbagidi. Ó di ìró ìyá àgbà mú. Wọ́n rọ̀ ọ́, kò gbọ́. Àǹtí Bísí mú súìtì wá, kò gbà.

"Kí ló dé, Mojí mi?"

Ó na ìka sí ògiri mi. Ohùn tó há yẹn jáde, gbogbo ènìyàn ló sì gbọ́ ọ.

"Oògùn ni."

"Rárá o, orúkọ ilé-ìwé ni."

"Oògùn ni," ó ní. Omi ń dà lójú rẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n ti ń wọlé bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀yìn.

Mo lọ sídìí àpótí mi. Mo gbé ọ̀dà funfun, mo mú búrọ́ọ̀ṣì tó fẹ̀ jù.

"Bọ̀dá! Kí lẹ fẹ́ ṣe?" Àǹtí Bísí di ọwọ́ mi mú. "Uṣẹ́ tó dára báyìí!"

"Ẹ fi ọwọ́ mi sílẹ̀, Àǹtí."

Mo bẹ̀rẹ̀ láti apá òsì. Bí mo ti ń pa lẹ́tà kọ̀ọ̀kan rẹ́, mò ń gbọ́ tí Mojí ń mí lẹ́yìn mi. Nígbà tí èyí tó kẹ́yìn lọ, ó tú ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára ìró ìyá àgbà. Ó gba iwájú ògiri tútù náà kọjá, ó wọlé, kò wẹ̀yìn.

Àǹtí Bísí wá dúró tì mí. Ó wá ní, "Kí lẹ ó wá kọ síbẹ̀ báyìí, Bọ̀dá?"

Mo ní, "Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."